Fèrè Màmá Tísà Lọ́jọ́ Tí Ilẹ̀ Mì

Wọ́n parọ́ mọ́ màmá mi àgbà níbi ìsìnkú rẹ̀. Àlùfáà dúró níwájú ìjọ, ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní kò bínú sí ẹnikẹ́ni rí, ó ní àlàáfíà ló ń tẹ̀ lé e kiri. Mo wojú Ràsákì, awakọ̀ gẹdú, níbi tó jókòó sí lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Ràsákì wojú mi. Àwa méjèèjì bojú wolẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní òkú lè dìde ni, Màmá ì bá ti jókòó nínú pósí yẹn, kó fun fèrè, kó sì ní kí Àlùfáà lọ dúró ní kọ̀rọ̀, kó kọjú sí ògiri.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbí, kó lọ wo ìwé ìsìnkú. Ọdún tó wọ ilé ìwé àwọn tísà wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni Màmá fúnra rẹ̀.

Màmá Tísà ni gbogbo Òkè-Sópẹ́n, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ń pè é. Ó ti fẹ̀yìn tì kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ló gbà pé ó fẹ̀yìn tì, òun ò gbà. Fèrè tó fi ń pe àwọn ọmọ wá sórí ìlà kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ń fun ún sí ewúrẹ́, ó ń fun ún sí ọlọ́kadà. Ó fun ún sí wòlíì kan tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wàásù láàárọ̀ kùtù, wòlíì náà sì sá lọ sí àdúgbò Àtíkòrí. Tó bá fẹ́ fìyà jẹ àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀, orí orúnkún ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ìyà yẹn ò ní àkókò tó ń parí. Màmá á lọ se ọbẹ̀, á lọ wẹ̀, á lọ bá ẹlòmíràn jà, o ṣì wà lórí orúnkún, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó o dìde àfi òun. Nígbà tó bá rántí ẹ, á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á ní: "Dìde, òmùgọ̀. Oúnjẹ ń tutù."

Ó kórìíra ojóóró ju gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú òfin mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá jíwèé wò nínú kíláàsì rẹ̀ nígbà ọmọdé, tó bá di bàbá àgbà pàápàá, Màmá ò ní í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ bá a ta lúdò ná. Tí dáìsì bá gbé mẹ́fà fún un, ó ti rí i láti òkèèrè. Tó bá gbé oókan, ojú rẹ̀ á fọ́ lójijì. "Ojú mi ò ríran mọ́ o, ọmọ yìí. Ṣé mẹ́fà kọ́ nìyẹn?" Kó o tó fèsì, ọmọ ayò rẹ̀ ti rìn. Mo mọ̀ nípa ojú tí kì í ríran yẹn láti kékeré, mo sì tún gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n rántí. A óò débẹ̀.

Ìjà rẹ̀ tó pẹ́ jù ni èyí tó bá ọkọ̀ gẹdú jà. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ pé igi nìlú wa ń tà. Láti inú igbó ni àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kó ìtì igi bọ̀, wọ́n á gba iwájú ilé Màmá lọ sí ibi ìlagi, gbogbo ilé á sì máa gbọ̀n. Àwo á máa lu àwo. Àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti kú á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára ògiri. Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Màmá á já síta, á fun fèrè, á sì bú awakọ̀. Ràsákì ló jẹ èébú náà jù, torí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, Màmá sì ti fèèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní prámárì fọ́ọ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún báyìí, ó ti lọ sí Mẹ́kà dé, ṣùgbọ́n tó bá rí Màmá, á pa ẹ́ńjìnì, á sọ̀ kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà.

"Ràsákì!"

"Mà!"

"Kí ni mo ní kó o máa ṣe tó o bá dé iwájú ilé mi?"

"Ẹ ní kí n máa rọra, mà."

"Mo kọ́ ẹ ní ìṣirò, o ò gbọ́n. Mo tún ń kọ́ ẹ ní títì, o ò gbọ́n. Ó wá ku ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ẹ."

Ìjà gẹdú yìí ni kò jẹ́ kí Màmá kú lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, oòrùn ti ń gòkè, lẹ́yìn òjò tó ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ti wá kí i láti Àgọ́-Ìwòyè, mo wà lẹ́yìnkùlé tí mò ń fọ abọ́. Ìró kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń hó bọ̀. Abọ́ inú ọpọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ní ìlú mìíràn, bóyá wọn ì bá ti kígbe Jésù, kí wọ́n sá. Ní tiwa, gbogbo àdúgbò ló rò pé gẹdú ni. Ìgbọ̀nrìrì ti mọ́ wa lára débi pé ṣe ni àwọn kan kàn di ìkòkò ọbẹ̀ wọn mú kó má baà dànù. Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ka Bíbélì. Inú bí i. Ó ju Bíbélì sílẹ̀, ó ró ìró mọ́ àyà, ó já síta láìwọ bàtà, ó ti ki fèrè bọ ẹnu, ó lọ dúró sáàárín títì pé lónìí lòun máa pa Ràsákì. Títì ṣófo. Kò sí gẹdú, kò sí kẹ̀kẹ́ pàápàá. Síbẹ̀, ó fun fèrè. Bó ṣe ń fun ún lọ́wọ́ ni ògiri yàrá rẹ̀ wó lu bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

Mo sá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, eruku bò mí lórí. Màmá wo ilé, ó wo títì, ó tún wo ilé. Yorùbá ìwé ló máa ń sọ tó bá fẹ́ fìyà jẹni, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ohùn Ìjẹ̀bú ló ń jáde. "Ràsákì ò sí níbí," ló wí, bí ẹni tí inú rẹ̀ bà jẹ́ pé kò rí ẹni bá wí. Lẹ́yìn náà, ó bi mí ta ló ṣe é, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bíi tọmọdé: "Yèsí? Yèsí ló wá ṣe é?"

Gbogbo rẹ̀ ò ju ìgbà téèyàn fi ń ka Àdúrà Olúwa lọ, ilé mẹ́sàn-án ló sì wó ní òpópó wa. Ilé bíríkì dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan sán. Ilé alámọ̀ tí òjò ti mu yó ló lọ. Eruku gba gbogbo ojú ọ̀run. Ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀, ẹnì kan ń sá láìmọ ibi tó ń sá lọ, ẹlòmíràn ti fẹ́ padà wọ inú àwókù lọ gbé tẹlifíṣọ̀n. Nígbà náà ni fèrè tún dún, ẹ̀ẹ̀mẹta, gígùn.

Ẹ wá wo ohun tí ilé ìwé ń ṣe sí èèyàn. Fèrè ẹ̀ẹ̀mẹta túmọ̀ sí pé kí gbogbo ọmọ wá sórí ìlà, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé. Bàbá arúgbó, ìyá olómú, fúlọ́kánáísà, gbogbo ẹni tó ti gba ọwọ́ Màmá kọjá ló tò ní pápá ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan tiẹ̀ na ọwọ́ sí èjìká ẹni tó wà níwájú wọn kí ìlà lè gún. Màmá gun orí òkúta kan láìwọ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ láti orí, ilé kọ̀ọ̀kan, láti òkè òpópó dé ìsàlẹ̀. Kò fo ẹnì kan. Ó mọ orúkọ ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lọ́sẹ̀ náà, torí ó máa ń yọjú wo ẹrù ẹlẹ́rù. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á dáhùn pé "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà!" Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún dáhùn bẹ́ẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

Orúkọ méjì ni kò dáhùn. Ọ̀kan ni Bàbá Télọ̀, tó ń ránṣọ ní ìkángun òpópó. Èkejì ni Ìyá Ìbejì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Ìyá Ìbejì. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ti Màmá jù, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí Màmá ò ti dá a lóhùn, nítorí àga. Ní ìjọ Áńgílíkà wa, wọn ò kọ orúkọ sára àga, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí Màmá Tísà ń jókòó: ìlà kẹta, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Màmá ṣàìsàn lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tó padà dé, Ìyá Ìbejì ló bá lórí àga náà, ó ti sùn lọ, ó tún ń hanrun. Kì í ṣe pé ó jókòó síbẹ̀ ló dun Màmá jù, pé ó sùn ni. Láti ọjọ́ náà, ìlà kẹrin ni Màmá ń jókòó sí, ẹ̀yìn Ìyá Ìbejì gan-an, kó lè máa fi ìwé orin gún un lẹ́yìn tó bá ti ń tòògbé. Tí Ìyá Ìbejì bá kí i níta, Màmá á gbójú sókè bí ẹni tó ń wá òjò. "Mi ò bá a jà," ló máa ń sọ fún wa. "Mi ò kàn mọ̀ ọ́n ni."

Ẹni tí kò mọ̀ yìí ló pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní pápá ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àbísọ tí àwa ò tiẹ̀ gbọ́ rí. Nígbà tí kò sí ìdáhùn, ojú Màmá yí padà. Ràsákì àtàwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sáré dé láti ibi ìlagi.

"Ràsákì!"

"Mà!"

"Gbé gẹdú ẹ wá síwájú ilé mi. Má rọra."

Wọ́n kó jáàkì ọkọ̀ ńlá wá, wọ́n kó ṣéènì tí wọ́n fi ń di ìtì igi, wọ́n kó pákó tí wọ́n fi ń tẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ nínú igbó. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ohun tó wúwo láìfọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwa yòókù tò, à ń gba amọ̀ lọ́wọ́ ara wa pẹ̀lú korobá àti ọpọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n fa Ìyá Ìbejì yọ láti abẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dá, gbogbo ojú rẹ̀ funfun fún eruku. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. A rò pé ìjà ọdún mọ́kànlá fẹ́ parí lójú wa.

"O tún sùn lọ," ni Màmá wí.

Bàbá Télọ̀ ò dáhùn mọ́. A bá a lẹ́bàá maṣíìnì rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Màmá ní kí n lọ ra rẹ́jísítà fún òun, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwé. Ó kọ orúkọ gbogbo òpópó sínú rẹ̀, ó sì kọ ti Bàbá Télọ̀ náà. Mo ní, "Màmá, bàbá yẹn ti kú." Ó ní òun mọ̀. Níwájú orúkọ náà ló kọ "Tiránsífà" sí, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ fún ọmọ tó bá òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó dé bírò, ó sì bú sẹ́kún. Èmi ò rí i kó sunkún rí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó ṣe tán, ó nu imú, ó ní, "Wọn kì í pa orúkọ ọmọ rẹ́ nínú rẹ́jísítà, Ṣadé. Ibi tó lọ ni wọ́n máa ń kọ."

Èmi ni Ṣadé. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mo kà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀yin náà lè mọ ohun tójú mi rí. Mo dúró níwájú àwọn èèyàn ní pápá, mo ṣàlàyé pé àpáta tó wà lábẹ́ wa kì í sábà mì, pé ó lè tún mì díẹ̀ sí i, kí wọ́n má ṣe padà wọ ilé tó ti sán. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Màmá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ọdún mẹ́rin lo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀," ló wí. "Ilẹ̀ wá mì lábẹ́ ẹ, abọ́ lò ń fọ̀."

Àwọn tí ilé wọn wó ń sùn ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ẹni tó bá ráyè níbì kan ló ń sùn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀sìn. Kíláàsì prámárì fọ́ọ̀ ni Màmá mú, níbi tó ti fèèlì Ràsákì. Ilé ìwé wà ní ọlidé nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wọlé, Màmá ò kúrò. Wọ́n ta aṣọ sí ẹ̀yìn kíláàsì fún un, ó sì ń tún tísà wọn ṣe láti ẹ̀yìn aṣọ. Bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ wá láti Èkó, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn lọ, pé yàrá rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. "Mẹ̀ẹ́ lọ," ni Màmá wí, èmi ò lọ. "Ilé ọkọ mi ni mo máa kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò ní í kú sílé onílé." Ohun tó ń fẹ́ láyé ò ju ìyẹn lọ mọ́: kí wọ́n tún ilé rẹ̀ kọ́, kó sùn síbẹ̀ kó tó kú.

Ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ṣèlérí fún wa ṣì wà lójú ọ̀nà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Màmá ò dúró dè é. Ọ̀wẹ̀ ló ní ká bẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń bẹ̀ ẹ́: gbogbo àdúgbò á ṣiṣẹ́ nílé ẹnì kan, onílé á fún wọn lóúnjẹ, tí ilé rẹ̀ bá parí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Gbogbo Sátidé ni fèrè ń dún, tí rẹ́jísítà ń ṣí. Ẹni tí kò bá wá, bírò pupa ni. Tó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Màmá á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, á lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn àna ń bọ̀ láti Awà àti Àtíkòrí, torí ọ̀wẹ̀ lọkùnrin fi ń fi hàn àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ pé òun mọyì ohun tí wọ́n fún òun. Ọkùnrin kan ní òun àti ìyàwó òun ti kọra sílẹ̀, pé kí wọ́n yọ òun kúrò. "Ìyàwó ló kọ̀ ẹ́," ni Màmá dá a lóhùn. "Ilé ò kọ̀ ẹ́. Gbé ṣọ́bìrì."

Àwọn olóṣèlú kan náà wá kí wa, wọ́n gbé àpò ìrẹsì mẹ́rin àti kámẹ́rà márùn-ún dání. Màmá tò wọ́n sórí ìlà, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bíríkì kan. "Ẹ rù ú," ló wí. "Kámẹ́rà á máa yà á bọ̀ lẹ́yìn."

Òun náà ló to àwọn ilé náà bí a ṣe máa kọ́ wọn tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ ló ṣíwájú, àwọn aláìsàn tẹ̀ lé wọn. Ìyá Ìbejì ló ṣe ìkẹjọ, torí àwọn ìbejì rẹ̀ ti dàgbà, ọ̀dọ̀ wọn ló wà ní Awà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀. Màmá fi ara rẹ̀ ṣe ìkẹsàn-án. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àga ló sọ Ìyá Ìbejì di ará ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màmá. "Mo fi í síwájú ara mi," ló wí. "Kí ló tún kù, kí n gbé e pọ̀n?"

Ràsákì ló ń fi gẹdú kó yanrìn àti bíríkì fún wa. Ó ń kọjá níwájú kíláàsì Màmá lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, Màmá ò sì fun fèrè sí i mọ́. Ràsákì sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba òun, pé ó sàn kí wọ́n máa bú òun.

Nígbà tí ilé keje ń parí lọ, ẹsẹ̀ Màmá wú, kò lè dìde mọ́. Dókítà pe bàbá mi síta, ó sọ ohun tí àwọn dókítà máa ń sọ níta. Ilé kan ṣì wà ṣáájú ti Màmá. Tí a bá kọ́ ti Ìyá Ìbejì tán ká tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, kò ní í bá a. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká fi tirẹ̀ ṣíwájú. Ó wá fèrè lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀nba èémí tó kù sí i lára fun ún sí wa lójú. "Ojóóró," ló wí. "Nínú rẹ́jísítà mi."

Ẹ má rò pé èmi ni mo ronú irọ́ tí a pa fún un. Ìyá Ìbejì ni. Ó wá láti Awà pẹ̀lú ọ̀pá, ó pe èmi àti Ràsákì sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé.

"Ilé wọn ni kẹ́ ẹ kọ́," ló wí. "Ẹ máa sọ fún wọn pé tèmi lẹ̀ ń kọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, èmi fúnra mi á wá sọ fún wọn pé mo ti kó wọlé."

Mo ní, "Màmá máa mọ̀, mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?" ni Ràsákì wí. "Wọn ò lè rìn. Wọ́n ní ojú wọn ò ríran mọ́."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fẹ́ dìde fún wọn lórí àga yẹn," ni Ìyá Ìbejì wí. "Wọn ò jẹ́ kí n rí ojú wọn. Ẹ jẹ́ kí n dìde fún wọn báyìí."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Sátidé, tí a bá ti dáwọ́ dúró, mo máa ń jókòó ti Màmá, màá ka irọ́ mi fún un: ògiri ilé Ìyá Ìbejì ti dé fèrèsé, wọ́n ti gbé pákó sókè, wọ́n ti kan páànù. Á bi mí lẹ́ni tí kò wá, màá sọ fún un, á fi bírò pupa sàmì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bírò ń ya bàrá. Nígbà tí ilé parí, Ìyá Ìbejì wọlé wá, èmi àti Ràsákì tẹ̀ lé e.

"Màmá Tísà, mo ti kó wọlé o. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á jẹ́ kó kan ẹ̀yin náà."

Màmá wò ó pẹ́. "Kí lẹ kùn ún?"

"Búlúù," ni Ìyá Ìbejì wí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ràsákì wí pé, "Funfun."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ tún mì, kó gbé mi mì. Màmá di ojú. "Ojú mi ò ríran mọ́," ló wí. "Ẹ ṣáà ti kùn ún." Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n rántí lúdò.

A fi ọ̀sẹ̀ méjì díbọ́n pé tirẹ̀ la wá ń kọ́, a sì gbé e relé. Inú gẹdú ló bá lọ, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràsákì. Ràsákì rọra débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń rìn kọjá wa. "Ràsákì," ni Màmá wí, "tẹ iná. Mi ò tíì kú." Ràsákì ti gbé gẹdú mìíràn, tòun ti ìtì igi lórí rẹ̀, dí ojú àwókù ilé Ìyá Ìbejì. Màmá kàn yíjú kúrò níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé òun wọlé.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló sùn nínú ilé rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán ọkọ rẹ̀ kọ́ padà. Ó bú wa pé fèrèsé kéré. Ó bú wa pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo gbé ògì wọlé fún un, mo rí i pé kò ní í bú mi mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà, fèrè lọ́rùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún títí ògì fi tutù. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni a rí rẹ́jísítà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Èmi ni mo ṣí i, Ràsákì àti Ìyá Ìbejì dúró tì mí. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, Màmá ti kọ nǹkan sí iwájú orúkọ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó sì gún régé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n níwájú mi kò gbọ̀n rárá níbẹ̀.

"Ìyá Ìbejì: irọ́ ni. Mo rí àwókù lábẹ́ gẹdú. Ẹ parí ilé rẹ̀ kí òjò tó dé. Àga ìlà kẹta, kó máa jókòó síbẹ̀. Kó má sùn."

"Ràsákì: ó rọra. Ó pásì."

"Ṣadé: ojóóró. Bẹ́ẹ̀dì náà dùn ún sùn. Kó kúnlẹ̀, kó gbọ́wọ́ méjèèjì sókè."

Ràsákì ní kí n tún ka tirẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ síta, ó lọ dúró lẹ́yìn gẹdú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé òun.

A kọ́ ilé Ìyá Ìbejì, gbogbo òpópó ló jáde, òjò ò sì bá wa. A kun iwájú rẹ̀ ní búlúù, a kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní funfun, kí irọ́ àwọn méjèèjì lè di òótọ́. Ní Sátidé tó kó wọlé, mo gbé rẹ́jísítà lọ sí yàrá Màmá. Mo fàmì sí ilé ìkẹjọ. Níwájú orúkọ Màmá, mo kọ "Tiránsífà."

Ó wá ku ìyà mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, èmi àgbàlagbà òṣìṣẹ́ yunifásítì. Kò pẹ́ tí Ràsákì fi ṣílẹ̀kùn, ó ń wá mi wá jẹun. Ó wò mí. Ó bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè.

"Wọ́n ní ẹ̀yin ti pásì," mo wí fún un.

"A jọ parọ́ náà ni," ló dáhùn.

A wà níbẹ̀. Apá ń ro wá, orúnkún ń dùn wá. A ń gbọ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ níta, tí Ìyá Ìbejì ń pariwo pé ọbẹ̀ ti ń tutù, síbẹ̀ àwa méjèèjì kọjú sí ẹnu ọ̀nà, à ń dúró de ẹni tó máa ní ká dìde.